Ẹnu Lọ́ọ̀kì Ṣéènì

Sátidé, ọjọ́ 3, oṣù karùn-ún

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ti ń gbọ́ òwe yìí láti kékeré, mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí.

A lọ kí bàbá Jamilah ní Ifọ̀ lónìí. A jókòó síta, èmi àti ìyàwó mi, Hàkímù tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà, àti àwọn ará ilé. Bàbá ṣàdédé yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Ọkọ Jamilah, mo gbọ́ pé o mọ máṣìnì tún ṣe. Ṣé báun ni?" Èmi tí mo ti ń ránṣọ láti ọjọ́ pípẹ́, tí mo máa ń tú máṣìnì mi fúnra mi tí mo sì máa ń tò ó padà, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kò sí máṣìnì tí mo fọwọ́ kàn tí kì í ṣiṣẹ́."

Inú Bàbá dùn. Wọ́n dìde, wọ́n mú mi lọ sẹ́yìn ilé, gbogbo ilé tẹ̀ lé wa. Wọ́n ká tapólì kúrò lórí nǹkan kan. Mo ń retí máṣìnì ìránṣọ tí ìyá Jamilah fi sílẹ̀. Honda ni mo rí, alùpùpù àtijọ́ tí Bàbá rà nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe wolé-wolé.

Ta ni kò mọ̀ pé máṣìnì ni àwọn àgbà ń pe alùpùpù? Èmi náà mọ̀ ọ́n, kò kàn wá sí mi lọ́kàn ni. Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín níbẹ̀, kí n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ti ìránṣọ ni mo rò." Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Ṣùgbọ́n Hàkímù káwọ́ gbera, ó ń wò mí bó ṣe máa ń wò mí láti ọjọ́ tí mo ti wá tọrọ àbúrò rẹ̀, bíi pé kí ni télọ̀ onígbàgbọ́ yìí ń wá nínú ilé yìí. Mo bá gbé ọ̀rọ̀ mì.

Bàbá ní ṣéènì rẹ̀ ti jẹ, eyín tí ṣéènì ń rìn lé lórí náà ti jẹ, tó bá ti kan òkè, á máa fò. Hàkímù ní kí wọ́n tà á jàre, òun ti rí ọkùnrin kan ní Èkó tó ń kó irú rẹ̀ jọ. Bàbá gbé ọwọ́ sókè. "Tó bá gbé mi dé yídì lọ́jọ́ Iléyá, kẹ́nikẹ́ni má sọ̀rọ̀ títà sí mi létí mọ́. Tí kò bá gbé mi dé, kó o pe ẹni ẹ wá, Hàkímù. Mi ò ní jiyàn." Wọ́n wá gbọ́wọ́ lé mi léjìká níṣojú gbogbo wọn. Ọwọ́ náà wúwo.

Sọ́ńdè, ọjọ́ 4

Pikọ́ọ̀bù gbé máṣìnì dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìbàfò lẹ́yìn ìsìn. Láti àná ni Jamilah ti ń rẹ́rìn-ín. "Dádì Jọmí, máṣìnì wo lẹ gbọ́?" Nígbà tó rí i pé mi ò bá a rẹ́rìn-ín, tirẹ̀ náà tán. Ó ní kí òun pe bàbá òun, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni, gbogbo ilé máa rẹ́rìn-ín, á sì tán síbẹ̀.

Mo ní kó má dán an wò. "Ilé àna mi ni. Ṣé kí n lọ máa pe ara mi ní òpùrọ́ níbẹ̀ ni?"

Ó ní, "Ẹ ò tíì purọ́. Ìsinsìnyí lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Sátidé, ọjọ́ 10

Mo lọ Àgbàdó, sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù ẹ̀yà alùpùpù lẹ́bàá ojú irin. Mo gba Berger, mo gba Akútè. Owó mọ́tò tún ti lé, kọ́ńdọ́ ò sì fẹ́ gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Wọ́n júwe Àbúbákr fún mi, pé òun ló ṣì ní nǹkan Honda àtijọ́. Ó kéré sí mi dáadáa. Mo ní mo fẹ́ ṣéènì, mo fẹ́ eyín iwájú àti eyín ẹ̀yìn.

"Eyín mélòó?"

"Méjì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán, iwájú kan, ẹ̀yìn kan."

Àwọn tó jókòó sídìí ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ń gbá itan ara rẹ̀. Iye eyín tó wà lára irin kọ̀ọ̀kan ló ń béèrè. Àbúbákr nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ tú ti àtijọ́, kí n gbé e wá, kí òun fi wé èyí tí òun ní. Ó wá wo ọwọ́ mi. "Brother, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe gan-an?"

Mo ní mẹkáníìkì ni mí, ní Ìbàfò.

Mo ti ń rò ó látìgbà tí mo ti wọ mọ́tò padà, mi ò sì rí ìdí rẹ̀. Ẹni tí mi ò mọ̀ rí, tí kò ní ṣe mí ní nǹkan kan tí mo bá ní télọ̀ ni mí.

Wẹ́sìdeè, ọjọ́ 14

Nọ́ọ̀tì tó di eyín iwájú mú ti dípẹtà, kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Mo pe Àbúbákr, mo ń pariwo nítorí jẹnẹrétọ̀ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: "Eyín ẹ̀yìn ti jẹ tán pátápátá! Ti iwájú ló kọ̀ tí kò yọ!" Kò pẹ́ ni Sister Jésùlayọ̀mi, tó ń ta búrẹ́dì lódìkejì, gbé omi iyọ̀ gbígbóná àti kànáfùrù wá. Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú, ó gbàdúrà kíkankíkan sí eyín mi. Mo ṣe àmín. Mo tún fi omi iyọ̀ náà fọ ẹnu, torí ó dúró tì mí.

Sátidé, ọjọ́ 17

Nọ́ọ̀tì ti tú. Ó yẹ kí inú mi dùn.

Mummy Adéyẹ́misí wà lára àwọn oníbàárà tó kọ́kọ́ gbé aṣọ fún mi ní Ìbàfò. Wọ́n kó léèsì funfun wá, ti ìkómọ ọmọ-ọmọ wọn. Mo kúrò lábẹ́ máṣìnì, mo nuwọ́, mo rò pé ó ti mọ́, mo lọ gbé léèsì náà sórí tábìlì kí n gé e. Gíríìsì ṣéènì. Gbogbo ìka mi hàn lára rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn tẹ̀ka. Mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó túbọ̀ tàn ká.

Nígbà tí wọ́n dé, mo kúnlẹ̀, mo nà án sí wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n ká a, wọ́n tún un ká kó kéré, wọ́n tì í bọ báàgì. "Kò burú, télọ̀ mi." Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Tọ́sìdeè, ọjọ́ 22

Òjò. Iná ò sí. Bàbá pè, wọ́n ní báwo ni iṣẹ́, mo ní ó ń lọ dáadáa, sà.

Sátidé, ọjọ́ 24

Mo padà sí Àgbàdó pẹ̀lú eyín àtijọ́ méjèèjì nínú báàgì. Eyín ẹ̀yìn ti rí bí ìwọ̀ tí wọ́n fi ń pẹja. Àbúbákr wọ inú ìsọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, ó gbé tuntun jáde, wọ́n dọ́gba. Ó fún mi ní ṣéènì tó bá wọn mu, àti lọ́ọ̀kì tó ń so orí ṣéènì méjèèjì pọ̀. Kékeré ni lọ́ọ̀kì náà, ó rí pẹlẹbẹ, ó ní ẹnu tó là bí ẹnu ẹja.

Ó dì í mú síwájú mi. "Ẹnu lọ́ọ̀kì yìí, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí o, brother. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ síwájú, á bọ́ lójú eré. Tí kò bá yé yín, ẹ pè mí, mo máa wá sí Ìbàfò wá bá yín so ó."

Mo ní, "Kí ni kò ní yé mẹkáníìkì níbẹ̀?"

Mọ́ńdè, ọjọ́ 26

Ó ti parí! Mo tẹ́ ẹní sílẹ̀, mo sùn sí ẹ̀gbẹ́ máṣìnì, ibi tí ọwọ́ mi ti tó ṣéènì nísàlẹ̀ ni mo ti so ó. Mo kọ ẹnu lọ́ọ̀kì sí ẹ̀yìn bí Àbúbákr ṣe wí. Mo gùn ún dé Asésé, mo gùn ún padà. Kò fò, kò pariwo. Sister Jésùlayọ̀mi pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé mi ò mọ̀ ọ́n.

Sátidé, ọjọ́ 31

A dá máṣìnì padà sí Ifọ̀. Bàbá gùn ún yípo àdúgbò, àwọn àgbà ń jáde síta, wọ́n ń kí wọn: "Wolé-wolé! Ẹ ti tún dé!" Bàbá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dì mí mú lọ́wọ́, wọ́n sọ fún gbogbo ilé pé ẹni tí Hàkímù rò pé kò lè ṣe é rèé o. Hàkímù bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní mo gbìyànjú. Òótọ́ ló fi sọ ọ́. Jamilah yẹjú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìyìn wọn ò dùn létí mi. Ó dà bí aṣọ tí wọ́n rán fún ẹlòmíì tí wọ́n gbé wọ̀ mí.

Wẹ́sìdeè, ọjọ́ 4, oṣù kẹfà

Ọkùnrin kan tó ń fi alùpùpù gbé ẹrù kiri dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi láti fún ṣéènì rẹ̀ tó ti dẹ̀. Mo ń ṣẹ́tí aṣọ, mo ń wò ó. Ó gbé e dúró, ó ń fọwọ́ yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Lọ́ọ̀kì rẹ̀ wà lókè, ẹnu rẹ̀ kọ ẹ̀yìn. Ṣéènì yí, lọ́ọ̀kì bọ́ sísàlẹ̀. Nísàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ kọ iwájú.

Mo sáré jáde, mo ní kó jọ̀ọ́ kó tún un yí. Ó tún un yí. Bákan náà ni.

Ìsàlẹ̀ ni mo ti so tèmi, mo sì kọ ẹnu rẹ̀ sí ẹ̀yìn. Tó bá yí dé òkè, iwájú ló ń kọ. Òdì ni mo so ó. Èyí tí Àbúbákr ní á bọ́ lójú eré gan-an ni mo so fún arúgbó, tí mo sì gba ìyìn lé e lórí.

Mo pe Bàbá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, máṣìnì yẹn..." Wọn ò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Wọ́n ní òun náà ni àwọn jókòó tì báyìí tí àwọn ń nù. Wọ́n ní Ọlọ́run ò ní gba ọwọ́ mi lọ́wọ́ mi, pé ọmọ tèmi náà á tún tèmi ṣe lọ́jọ́ ogbó. Àdúrà náà gùn. Mo ń wá ibi tí mo máa gbà wọlé, mi ò rí i. Nígbà tí wọ́n dákẹ́, mo ní, "Àmín, sà."

Tọ́sìdeè, ọjọ́ 5

Ó yẹ kí n ti wà ní Ifọ̀ láti òwúrọ̀. Aṣọ Iléyá àwọn oníbàárà kún ilẹ̀, òjò ń rọ̀, ọ̀nà Mowé ti di odò. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ìdí tí mi ò fi lọ. Mi ò sọ fún Jamilah. Mo gbàdúrà pé kí lọ́ọ̀kì dúró di ọ̀la. Ẹ wo irú àdúrà.

Fúráìdeè, ọjọ́ 6

Iléyá.

Bàbá wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun tí mo rán fún wọn, wọ́n gun máṣìnì jáde. Hàkímù ń wa ọkọ̀ bọ̀ lẹ́yìn wọn jẹ́ẹ́jẹ́. Èmi àti Jamilah ń fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú àwọn èrò. Mo fẹ́ sáré lọ dì wọ́n mú. Ẹsẹ̀ mi ń lọ, ẹnu mi ò là.

Ibi tí ọ̀nà ti gòkè sí yídì ni ó ti já. Ariwo kan ṣoṣo, ṣéènì ti gbá ṣòkòtò Bàbá mú, ó fà á ya dé orúnkún, máṣìnì sì yọ̀ gẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú wọn. Àwọn èèyàn pariwo orúkọ Ọlọ́run. Nígbà tí a gbé wọn dìde, ọrùn ẹsẹ̀ wọn bó, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sórí aṣọ funfun. Wọ́n ní kò dùn wọ́n. Ó dùn wọ́n, ojú wọn ń sọ ọ́.

Hàkímù he ṣéènì nílẹ̀. "Lọ́ọ̀kì ti bọ́! Ayédèrú ni wọ́n tà fún ọkùnrin yìí." Gbogbo wọn yíjú sí mi. Bàbá ní, "Ẹ fi ọkọ Jamilah sílẹ̀. Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni, kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀."

Hàkímù ní, "Ta ló tà á fún ẹ?"

Mo dárúkọ Àbúbákr. Mo ní Àgbàdó. Mo júwe ojú irin fún un, mo júwe ìsọ̀ náà. Ẹnu tó wúwo látàárọ̀, ìgbà yẹn ló wá fúyẹ́.

Bàbá wọ ọkọ̀ Hàkímù lọ sí yídì. Kí wọ́n tó pa ilẹ̀kùn dé, wọ́n ní, "Pe ọkùnrin Èkó náà. Àdéhùn ni àdéhùn."

Sátidé, ọjọ́ 7

Jamilah sùn sí Ifọ̀ láti tọ́jú ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó dé lọ́sàn-án pẹ̀lú itan àgbò odindi, èyí tí Bàbá fi ránṣẹ́ sí mi, àti ṣòkòtò tó ya. "Wọ́n ní kẹ́ ẹ bá àwọn rán an. Wọ́n ní kẹ́ ẹ má banú jẹ́, pé ẹ ṣe tiyín."

Mi ò lè jẹ nínú ẹran náà. Mo fọ ẹ̀jẹ̀ inú ṣòkòtò, mo rán an. Rírán rẹ̀ gbà mí lákòókò, torí mi ò rí ojú abẹ́rẹ́ dáadáa.

Mọ́ńdè, ọjọ́ 9

Àbúbákr pè mí. Hàkímù àti àwọn ọkùnrin kan ti wá bá a lójú ọjà, wọ́n pè é ní olè, wọ́n da àtẹ rẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Brother mẹkáníìkì, kí ni mo ṣe yín? Ojúlówó ni mo tà fún yín. Mo sọ fún yín kẹ́ ẹ pè mí tí kò bá yé yín." Kò pariwo.

Jamilah wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbọ́ ọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti lọ́ọ̀kì, ti fóònù, ti àdúrà tí mo ṣe àmín sí. Ó ní, "Orí máṣìnì tó ń pa èèyàn lẹ gbé bàbá mi lé, ẹ sì ń wò wọ́n lọ." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Túsìdeè, ọjọ́ 10

Jamilah ló kọ́kọ́ múra. Ó ṣáájú mi wọ mọ́tò Ifọ̀.

Ọkọ̀ tó wá gbé máṣìnì ti ń lọ nígbà tí a dé. Hàkímù dúró síta, Bàbá jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì dì sórí àpótí. Mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò dìde títí mo fi sọ ọ́ tán, láti orí máṣìnì ìránṣọ títí dé orí Àbúbákr. Hàkímù ń sọ pé, "Há! Há!" Mo rò pé ó máa gbá mi. Ó kàn jókòó sílẹ̀ ni, ó gbé orí lé ọwọ́, torí òun náà ti lọ da ọjà aláìṣẹ̀ nù.

Bàbá ò bínú. Wọ́n ń wo ibi tí tapólì wà.

"O ò bá sọ," ni wọ́n wí. "Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn. O ò bá kàn sọ."

Wọ́n ní kí Jamilah bá àwọn mú fìlà wá. A ní ẹsẹ̀ wọn ò tíì sàn, pé èmi àti Hàkímù máa lọ bẹ Àbúbákr. Wọ́n ní ọmọ kì í jìyà ẹ̀bẹ̀ kí bàbá rẹ̀ wà nílé. Hàkímù fẹ́ gbé ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n kọ̀, wọ́n ní a kì í fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ bẹ ẹni tí a ṣẹ̀. Mọ́tò èrò la wọ̀.

Àbúbákr ṣì ń ṣa nọ́ọ̀tì nínú ẹrẹ̀ nígbà tí a dé. Ó rí Hàkímù, ó dìde, ó di irin kan mú. Kó tó sọ̀rọ̀, Bàbá ti ṣí fìlà lórí. Látìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, mi ò rí orí wọn láìsí fìlà rí. Irun wọn ti funfun, ó ti fọ́nká. Wọ́n di èjìká mi mú, wọ́n sì fi orúnkún ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n kan ilẹ̀, níwájú ẹni tí wọ́n lè bí lọ́mọ, lójú àwọn tó fi mí rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí.

"Nọ́fíù lorúkọ mi, láti Ifọ̀. Ọmọ mi yìí ló parọ́ mọ́ ọ. Ọmọ mi kejì yìí ló da ọjà ẹ nù. Èmi ni mo ni àwọn méjèèjì. Bá mi fojú fò ó."

Àbúbákr ju irin sílẹ̀. "Ẹ má ṣe báyìí fún mi, Bàbá, nítorí Ọlọ́run!" Òun àti Hàkímù gbé wọn dìde. Èmi ti dọ̀bálẹ̀ ní tèmi, ojú mi wà nínú ẹrẹ̀ òun òróró, kò sẹ́ni tó gbé mi, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé mi. Lẹ́yìn náà a ṣa ọjà náà títí kò fi ku ẹyọ kan. Àbúbákr fún Bàbá ní àga, ó ra omi tútù fún wọn.

Nínú mọ́tò, Bàbá jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Mo ń retí kí wọ́n dé fìlà wọn padà. Wọ́n dì í mú lórí eékún títí a fi dé Ifọ̀.